Kọ́ọ̀bù Omi Ilé Olómitútù

Bí mo bá ṣí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnì mi, tí omi bá kọ́kọ́ kan ìdí kọ́ọ̀bù tánganran tí mo gbé wá láti ilé, ìró kan máa ń jáde níbẹ̀ tí kọ́ọ̀bù ike kì í ní. Ìró náà kì í pẹ́, nítorí omi Toronto yára. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, kọ́ọ̀bù ti kún. Síbẹ̀ ó tó láti gbé mi kúrò nínú fúláàtì mi ní Scarborough, kó gbé mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù kan lábẹ́ igi ọdán, níbi tí ìyá ìyá mi ti ń pè mí kí n wá bu omi fún àlejò. Lánàá ni mo tún gbọ́ ọ. Àyà mi já, bó ti já lọ́jọ́ Sátidé kan tí kọ́ọ̀bù yìí kan náà fẹ́ tú ilé mi ká.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n sáré dé ibi tó gbóná. Ẹ ní sùúrù. Ẹni tí kò bá mọ àmù náà kò lè mọ ohun tó bà mí lẹ́rù.

Ìlú tí mo dàgbà sí kò tóbi. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gba ibẹ̀ kọjá láì tẹ bíréèkì, àfi bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ewúrẹ́ ìlú wa kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Agbo ilé wa ló gbẹ̀yìn kéèyàn tó wọ oko. Ilé Olómitútù ni wọ́n ń pè é, nítorí àmù ńlá kan tí àwọn baba ńlá ilé náà rì sínú yẹ̀pẹ̀ dé àárín lẹ́bàá ọ̀nà, kí omi inú rẹ̀ lè máa tutù. Igbá ni wọ́n fi ń bu omi rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èmi gbọ́n, ó ti di kọ́ọ̀bù tánganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi, nítorí pé alárìnkiri kan ti mu omi tán nígbà kan rí, ó sì gbé kọ́ọ̀bù lọ. Ìyá Àgbà kò jẹ́ ká bú ọkùnrin náà. Ó ní bóyá òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́ lọ́nà ni.

Òfin ilé náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lábẹ́ igi ọdán, ọmọ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ ni yóò kúnlẹ̀ bu omi fún un. A kò gbọdọ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀ kó tó mumi. Bó bá sì mu tán tí kò sọ ibi tó ti ń bọ̀, a kò gbọdọ̀ bèèrè ìyẹn náà. Ìyà ńlá nìyẹn jẹ́ fún ọmọ tó fẹ́ràn ìbéèrè bíi tèmi. Mo rántí obìnrin kan tó ru ẹrù aṣọ rẹpẹtẹ, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mumi, ó nu ẹnu, ó ń lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní, “Mà, níbo lẹ ti ń bọ̀?” Kò tíì dáhùn tí Ìyá Àgbà fi gbá mi ní ìpàkọ́. Títí di òní n kò mọ ohun tó ń pa obìnrin yẹn lẹ́rìn-ín, ó sì ṣì ń dùn mí.

Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ Ìyá Àgbà. Òun ló bí ìyá mi. Ìyá mi lọ ń ṣòwò lọ́nà jíjìn, ó sì fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ilé ni Ìyá Àgbà, kì í ṣe ìyàwó ilé. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀, tó sì gba ìtọ́jú àmù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá a fọ̀ ọ́. Yóò kó kànrìnkàn àti iyanrìn, yóò tẹrí bọ inú àmù débi pé ìdí rẹ̀ nìkan là ń rí, yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Gbogbo àwọn àgbà ilé yòókù ló kọ pélé. Ojú tirẹ̀ nìkan ló ń dán. Bí a bá bi í, yóò ní ẹkún òun pọ̀ lọ́jọ́ tí olóòlà dé, ni olóòlà bá kó abẹ rẹ̀, ó sá lọ. A máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Láàárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, kì í kàn dá mi lóhùn lásán. Yóò gbé ọwọ́ tútù lé mi lórí, yóò sì kì mí:

Ọmọ Olómitútù, ọmọ a-ri-àmù-sọ́nà,
ọmọ a-bomi-fálejò-má-bèèrè-ilé,
òùngbẹ kì í gba iwájú ilé yín kó má yà,
ẹni tó mu nínú omi yín ti di tiyín.

Tó bá ti kan ìlà tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Mo rò pé èémí ló ń tán nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Àkànní, tó ti lọ sí oko kòkó níbi tó jìnnà kí wọ́n tó bí ìyá mi, tí kò sì padà wálé mọ́. Nígbà míì, tó bá ń nu ọwọ́ lẹ́yìn tó fọ àmù tán, yóò wo ọ̀nà, yóò ní Àkànní ló kọ́kọ́ fún òun lómi mu nílé yìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ ilé ìwé, mo lọ ilé ọkọ, ọkọ mi kú, mo sì tẹ̀ lé Mojísọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wá sí Canada. Mojí ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Newmarket. Kó tó jáde lọ sí ṣíìfù, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, mo máa ń gbọ́wọ́ lé e lórí kì í. Yóò ní, “Mummy, I'll miss my bus,” ṣùgbọ́n kì í gbé orí rẹ̀ kúrò.

Akínwálé ló mú wá pé òun fẹ́ fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Malton, ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú, ó lójú àánú, ó sì máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀. A ṣe ìwádìí, ẹ má rò pé a ò ṣe é. Mo fi orúkọ bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, wọ́n sì dáhùn pé ará Ìbàdàn ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni wọ́n, kò sí wèrè nínú wọn, kò sí olè. Inú mi dùn, mo fi àwòrán ọwọ́ tó ń ṣàdúrà dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí bàbá bàbá ọmọ náà ti wá kó tó di ará Ìbàdàn. Láyé àtijọ́, àwọn àgbà á fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ obì, wọ́n á gbọ́ ohun tí wọn ò bèèrè. Tiwa parí sínú fóònù.

Sátidé tí mò ń wí yìí ni Wálé mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin wá kí mi. Ìyá arúgbó náà ló tọ́ ọ dàgbà, Màmá Malton ni gbogbo wa sì ń pè é. Òjò dídì wà níta. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, màmá jókòó, mo bu omi sínú kọ́ọ̀bù tánganran, mo kúnlẹ̀ fún un kí n tó kí i kíkí kankan. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó gba kọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò mu ún.

“Ta ló kọ́ ọ báyìí?” ló bi mí.

“Ìyá ìyá mi ni, mà.”

Ó wò mí títí. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ dán yìnyín wò bóyá á gba òun, ó ní, “Ọmọ Olómitútù, ọmọ a-ri-àmù-sọ́nà.”

Ẹnu mi kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ọmọ a-bomi-fálejò-má-bèèrè-ilé.”

Mojí pàtẹ́wọ́. “Aww, you guys know the same song.”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Màmá Malton bèèrè orúkọ ìyá ìyá mi. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ó gbé omi náà sórí tábìlì láìtọ́ ọ wò, mo sì mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀ràn dé.

“Àkànní Olómitútù ló bí mi,” ló wí. “Títí tó fi kú ló ń sọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀. Wálé, gbé kóòtù mi wá.”

Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bàbá àgbà Wálé àti ìyá ìyá mi, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹbí kan náà sì ni Wálé àti Mojí, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹbí kì í sì í fẹ́ra nílẹ̀ wa. Mojí rò pé àwàdà ni.

“Mummy, that's like, distant cousins. Ẹ jọ̀ọ́ now. It's legal here.”

Màmá Malton ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Wálé ń bá a wọ bàtà. Ó ní, “Òfin ibí kọ́ ló bí yín.”

Ilé mi dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mojí á ti ṣíìfù dé, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè láti kì í láàárọ̀, á yẹ orí. “Please don't. Not that one.” Oríkì tí mo fi tọ́ ọ ti di ohun tó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Wálé ra àwọn ike kékeré kan tí wọ́n máa ń tutọ́ sí, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ ẹni tó bá ọ tan. Ó mú ọ̀kan wá fún mi. Màmá Malton ní òun kò ní tutọ́ sínú ike kí òyìnbó tó wá sọ ẹni tí òun jẹ́ fún òun. Èmi náà ju tèmi sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo ń sọ òtítọ́ fún yín.

Inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ohun kan sọ sí mi lọ́kàn. Ìjà kan ni, láti ìgbà èwe mi. Ìyàwó ilé kan tó ń se ọṣẹ dúdú bá Ìyá Àgbà jà nítorí ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́. Ìjà náà dùn, àwa ọmọdé jókòó tì í bí ẹni ń wo eré. Àfi bí obìnrin náà ṣe na ìka sí Ìyá Àgbà, tó ní, “Ìwọ tí wọ́n kàn bu omi fún…” Kò parí ẹ̀. Baálé ilé, ọkùnrin tí kì í pariwo, fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo agbo ilé sì pa rọ́rọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Títí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn fi parí, òun nìkan ló ń pọnmi kún àmù láti odò. Ìyá Àgbà wọ yàrá lọ, kò sì kì mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ṣẹlẹ̀ rí, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà, mo gbàgbé ibi tí mo fẹ́ sọ̀ sí. Ojú tó ń dán. Olóòlà tó sá lọ. Àkànní tó fún un lómi mu, bí ẹni pé ó ti òde wá. Mo ń to gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń wá. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá ìyá mi, tó fi ọwọ́ tútù lé mi lórí, má jẹ́ ọmọ ilé bàbá rẹ̀. Irú àdúrà wo nìyẹn?

Bàbá Tìjání ni baálé agbo ilé wa báyìí, ọmọ baálé ọjọ́sí tó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Mo pè é lórí fóònù, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ó fi agbo ilé hàn mí. Wọ́n ti gé igi ọdán. Tánkì dúdú kan wà níbi tí àmù wà. A kíra tán, mo wá bi í léèrè ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ti wá. Imú náà kúrò lójú fóònù.

“Nílé wa,” ni mo gbọ́, “a kì í bèèrè.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ọmọ mi ló kàn.” Mo rò fún un láti orí dé ẹsẹ̀. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun máa pè mí padà, ó sì pa fóònù.

Kò pè lọ́jọ́ kejì. Kò pè lọ́sẹ̀ náà. N kò lè jẹun dáadáa. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, mo gbé e wọ balùwẹ̀, mo gbé e sórí itan nígbà ìwàásù. Mojí rí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láìtì. Mo mọ̀ pé òun náà ń fetí sí fóònù mi.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, mò ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó pè. Mo tẹ aago kí wọ́n dúró, mo bọ́ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe tèmi, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ láàárín èrò. Otútù ń gé mi létí. Bàbá Tìjání ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́; ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá.

Ó ní ìgbà ọyẹ́ ni. Obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí dúró lábẹ́ igi ọdán pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀. Àkànní, ọmọ ilé, bu omi fún wọn. Obìnrin náà mumi tán, ó ní kí wọ́n bá òun wo ọmọ, òun ń lọ ọjà tó wà níwájú, òun á padà nírọ̀lẹ́. Wọn kò bi í ní orúkọ, wọn kò bi í ní ilé, nítorí òfin wa. Ọmọ náà jókòó ti àmù, ó kọjú sí ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ wo ọjà, wọn kò rí ẹni tó rí obìnrin náà. Nígbà tó pẹ́, baálé pe gbogbo ilé jọ, ó da omi sílẹ̀, ó ní ọmọ yìí ti di tàwọn, ẹni tó bá pè é ní àlejò láé, kí òùngbẹ má fi onítọ̀hún sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde; ẹni tó bá jẹ baálé nìkan ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún láti ìgbà náà, nítorí ọjọ́ tí ọ̀ràn ìgbéyàwó bá lè dé bí èyí.

“Mo ti sọ ọ́,” ni Bàbá Tìjání wí. “N kò lè kó o padà.”

Bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ. N kò wọ̀ ọ́. Ọmọ mi lè fẹ́ ẹni tó fẹ́ràn. Mo fẹ́ jó níbẹ̀. Ẹkún ló sì gbà mí, nítorí ọmọ kékeré tó kọjú sí ọ̀nà, tó wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú àmù tí ìyá rẹ̀ ti mumi kẹ́yìn.

A lọ sí Malton, èmi, Mojí àti Wálé. Ọkọ̀ òfurufú ń fò kọjá lórí ilé Màmá Malton, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọmọ tó jókòó ti àmù, ìyá arúgbó náà di ojú.

“Bàbá mi máa ń sọ ọ́ tó bá mu ẹmu,” ló wí. “Pé Àbẹ̀kẹ́ jókòó ti àmù títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń pè é.”

Wálé di ọwọ́ Mojí mú. “So we're good? Mama, we're good?”

“Dákẹ́.” Ó yíjú sí mi. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. “Gbọ́, ọmọ yìí. Bó o bá jẹ́ ọmọ Olómitútù, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lè fẹ́ra. Bí wọ́n bá máa fẹ́ra, a jẹ́ pé o kì í ṣe ọmọ Olómitútù, n kò sì gbọdọ̀ gbọ́ oríkì ilé bàbá mi lẹ́nu rẹ mọ́ láé. A kì í jẹ méjèèjì. Mú ọ̀kan.”

“That's not fair,” ni Mojí wí. Omi ti gba ojú rẹ̀. “Mummy, you don't have to.”

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ohun tí Ìyá Àgbà fi sílẹ̀ fún mi ju oríkì yẹn lọ. Kò ní ilẹ̀, kò ní wúrà. Òun ni mo fi sùn nígbà tí ìyá mi kò wálé, òun ni mo fi rìn lẹ́yìn pósí ọkọ mi. Mo wo Màmá Malton, mo wo ọwọ́ tí Mojí fi di Wálé mú. Ìka rẹ̀ ti funfun. Mo kúrò lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

“Mà,” ni mo wí, “àlejò ni mí. Ẹ fún mi lómi.”

Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá. Màmá Malton gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí Wálé ran òun lọ́wọ́, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé kíṣìnì, ó sì gbé omi wá fún mi fúnra rẹ̀. Ó ń dà á sí kápẹ́ẹ̀tì bó ti ń bọ̀. Mo mu ún tán. Kò bèèrè ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ìgbéyàwó wáyé, ó dára, ẹ ti rí àwòrán. Mo pa àdéhùn mi mọ́. Bí mo bá gbọ́wọ́ lé ọmọ mi lórí, àdúrà lásán ni mò ń gbà, ẹnu mi sì máa ń yún mi. Nígbà míì, bí mo bá dá wà, mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi kí n lè gbọ́ ìró kọ́ọ̀bù, n kò sì ní sọ nǹkan kan. Mo ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò kú.

Mojí wá bímọ, obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nílé tí wọ́n rà sí Newmarket, wọ́n gbé Màmá Malton wá. Ó ti gbẹ, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó gba ọmọ náà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, nítorí ọmọ Olómitútù ni, láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó dé ibi tí òùngbẹ kì í gbà kọjá kó má yà, èémí rẹ̀ sì tán. Gbogbo ilé ń retí. Ó gbójú sókè wò mí. Mo fi eyín di ahọ́n mi mú, nítorí mo ti ṣèlérí.

“Kí lò ń wò mí fún?” ló wí. “Ṣebí ìwọ náà mu nínú ẹ̀. Parí ẹ̀ fún ọmọ.”

Mo gba ọmọ náà. Mo gbé ẹnu sí etí rẹ̀, mo sì sọ ìlà tí Ìyá Àgbà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ sọ: ẹni tó mu nínú omi yín ti di tiyín. Èmi kò rẹ ohùn tèmi sílẹ̀.

Màmá Malton ti lọ sinmi báyìí. Àmù kò sí mọ́, tánkì ló wà níbẹ̀, ọ̀dà ti wà lójú ọ̀nà, mo sì gbọ́ pé ewúrẹ́ pàápàá ti ń bẹ̀rù ọkọ̀. Ike itọ́ tí Wálé fún mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, n kò ṣí i. Ó lè sọ ibi tí obìnrin ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ti wá, mo mọ̀. Mo máa ń rò ó: ṣé ó kú lọ́nà ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ilé tí wọn kò ní bi í ní ìbéèrè? Mo fẹ́ mọ̀ gidigidi. Mo sì máa ń ti dúrọ́ọ̀ náà padà.

Lánàá, ọkùnrin kan gbé ẹrù wá, ó ń mí gulegule nítorí ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa ti bàjẹ́. Ọmọ ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi. Ó gun àpótí rẹ̀ ní kíṣìnì, ó ṣí omi, ìró náà jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́ọ̀bù tánganran wá fún ọkùnrin náà, ó ń dà á sílẹ̀ bó ti ń bọ̀. Ohùn ọkùnrin náà jọ ohùn ibì kan tí mo mọ̀. Mo la ẹnu kí n bi í léèrè ibi tó ti wá.

“Grandma,” ni ọmọ náà wí, ó sì gbé ìka sí ètè, “let him drink first.”

Mo pa ẹnu mi dé. Ọkùnrin náà sì mu.